Ẹ Má Tíì Sọ Ìtumọ̀ Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Àwòrán Àtijọ́ Nípa Ibi Ìgbafẹ́

Ọmọ kan wà lára àwọn tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ ọnà lọ́jọ́ Sátidé nílé mi ní Òṣogbo níbí. Mo gbé ẹ̀dà àwòrán kan síwájú wọn: èrò ilẹ̀ Faransé tó jáde gbafẹ́ létí odò. Obìnrin kan dúró gbagidi lápá ọ̀tún, ó gbé agboòrùn dání, ó fi okùn de ọ̀bọ kan mọ́ra. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí ọmọ náà ti nawọ́. "Àǹtí, olorì ni. Ṣé ẹ rí agbòjò tí wọ́n fi bò ó, bí wọ́n ṣe ń fi bo Kábíyèsí lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun? Ọ̀bọ yẹn, òògùn ààbò rẹ̀ ni." Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnu rẹ̀ dùn lóòótọ́. Àmọ́ obìnrin náà kì í ṣe olorì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé nǹkan náà dání, òjò kankan kò sì rọ̀ níbẹ̀.

Mi ò bá a wí. Mo ti rí olùkọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti rí ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ilé àwòrán tó ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣe é fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó jáwọ́. Èèyàn á wo àwòrán fìrí, á já ìtumọ̀ kan gbà, á wá máa fi ìyókù ọjọ́ wá ẹ̀rí tí yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é fúnra mi.

Àwòrán tí ẹ ó fi kọ́ṣẹ́

Ẹ lè lo òmíràn tó bá yá, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan náà ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Georges Seurat, ọmọ bíbí ìlú Paris, ló yà á láàárín ọdún 1884 sí 1886. Orúkọ tó sọ ọ́ túmọ̀ sí Ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi Kan ní Erékùṣù La Grande Jatte. Erékùṣù náà wà lórí odò Seine lẹ́bàá Paris, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ti ń nasẹ̀ tí wọ́n ń gba atẹ́gùn. Àwòrán náà ga ju mítà méjì lọ, ó sì fẹ̀ ju mítà mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé e wọ pálọ̀ mi, ògiri kan ti tán nìyẹn. Láti ọdún 1926 ló ti wà ní Art Institute ti Chicago, ilé àwòrán kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n jẹ́ kó jáde láti ìgbà náà, ní 1958, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí New York, iná sì ṣẹ́ yọ nínú ilé tí wọ́n gbé e sí. Nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó tún rin ìrìn àjò mọ́.

Ìdí tí mo fi ń lò ó ni pé èrò pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì dúró jẹ́ẹ́ fún yín láti kà.

Ẹ wá ẹ̀dà tó dáa

Ojúlé Art Institute náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi àwòrán yìí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á sórí fóònù. Ẹ gba ibẹ̀ lọ. Èyí tí ọ̀rẹ́ fi ṣọwọ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́. Ó ti fún mọ́ra kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á ti di ẹrẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà A3. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ọmọbìnrin kékeré tó wọ aṣọ funfun láàárín àwòrán. Bí aṣọ rẹ̀ bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, íǹkì wọn ti ń tán, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bí A3 bá wọ́n jù, A4 mẹ́rin tí ẹ lẹ̀ pọ̀ náà yóò ṣe é. Ẹ̀kọ láfún, irú èyí tí àwọn aládìrẹ fi ń yànà sára aṣọ, ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́. Kì í wó pépà bíi gọ́ọ̀mù olówó pọ́ọ́kú.

Irinṣẹ́ tó kù kò ju nǹkan mẹ́rin lọ: páálí bísíkíìtì kan tí ẹ dá ihò sí láàárín, kí ihò náà tó páálí ìṣáná, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ìwé olójú-ewé 60, àti bíírò òun pẹ́ńsùlù. Ẹ má fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Àwọn kan ń ra gíláàsì tí àwọn tó ń tún aago ṣe ń fi sójú. Ó dára, àmọ́ owó òfo ni. Ẹ fẹ ojú fóònù yín.

Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, láàárín agogo méje sí mẹ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mi ò kí ń ka àwòrán lálẹ́. Gílóòbù tó mọ́ yẹ́lò máa ń gbé yẹ́lò inú ọ̀dà mì, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó sọnù.

Ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀

Ẹ gbé páálí onihò náà lé igun òkè lápá òsì, kí ẹ máa sún un lọ sí ọ̀tún, kí ẹ tún padà wá sí òsì nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni ń ro oko. Ohun tó bá bọ́ sínú ihò ni kí ẹ kọ. Orúkọ nǹkan nìkan ni kí ẹ kọ: ọkùnrin, fìlà, ajá, ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá ti kọ "ẹwà" tàbí "ìbànújẹ́", ẹ fa igi lé e.

Nígbà tí ẹ bá parí, ó yẹ kí èèyàn tó lé ní 40 wà nínú ìwé yín. Ó yẹ kí ẹ ti rí àwọn ọmọ ogun méjì tó dúró ṣègbẹ́ ara wọn, ẹni tó ń fọn fèrè lápá ẹ̀yìn, ajá dúdú tó ń fimú tú koríko, ajá kékeré tó so rìbọ́nù mọ́rùn, obìnrin tó dúró létí omi tó ń fi ìwọ̀ pẹja, àti àwọn tó ń tukọ̀ lórí odò. Bí ẹ kò bá rí ọmọbìnrin tó ń sáré lápá ọ̀tún lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ padà. Ẹ ti kánjú. Ìgbálẹ̀ ni kí ẹ fi wo bí wọ́n ṣe ga sí: ẹ gbé e sára obìnrin tó wà níwájú, kí ẹ gbé e sára àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń kéré lọ, ẹ ó sì rí ọ̀kan tàbí méjì tí wọn kò kéré tó bó ṣe yẹ.

Ibi tó ń ṣubú lu àwọn èèyàn

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí tó ṣáájú dáadáa ṣì lè ba iṣẹ́ jẹ́ níbí láàárín gbólóhùn kan.

Kí ẹ tó fún nǹkan kan ní ìtumọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé: kí ni wọ́n ń fi ọ́ ṣe níbi tí o wà, lásìkò tí o wà? Ẹ mú ohun tí ọmọ náà pè ní agbòjò. Èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún yín bí ẹ bá jẹ́ kó ṣe é, torí a ní agbòjò, a sì ní agboòrùn. Oòrùn ló ń ràn sí koríko nínú àwòrán yìí, ẹ wo bí òjìji ṣe nà sílẹ̀ níwájú. Agboòrùn ni, ó sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, lọ́wọ́ obìnrin lóríṣiríṣi. Lásìkò náà ní Paris, obìnrin tó bá lówó lọ́wọ́ kì í jẹ́ kí oòrùn pa àwọ̀ òun, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níta ni oòrùn máa ń pa. Ní báyìí, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ọkùnrin kan nà sílẹ̀ gbalaja, fìlà alétí lórí rẹ̀, ìkòkò tábà lẹ́nu rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà níhòòhò. Oòrùn kò kàn án. Ẹni tó jókòó nítòsí rẹ̀ dé fìlà dúdú gogoro, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Koríko kan náà ni wọ́n jọ wà lórí rẹ̀. Ìtumọ̀ ti ń yọjú, ẹnikẹ́ni ò sì tíì ní láti pe òògùn.

Ohun kejì tó ń gbé wọn ṣubú ni ohun tí wọ́n mú wá láti ilé. Mi ò ní kí ẹ fi Òṣogbo sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ là ń kí kí á tó kí ènìyàn. Ẹni tó dàgbà síbí lè jókòó níbi ìnáwó kó mọ ẹbí ìyàwó, ẹbí ọkọ àti mogbọ́-moyà láìbi ẹnikẹ́ni. Ojú yẹn ni kí ẹ mú wá, torí àwọn ará Paris náà ń ka aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìdí aṣọ obìnrin apá ọ̀tún yẹn, bó ṣe yọ sẹ́yìn bí ẹni gbé àpótí pamọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín pé ìdí rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe ara rẹ̀ rárá. Wọ́n gbé nǹkan sábẹ́ aṣọ náà kó lè yọ bẹ́ẹ̀ ni, àṣà tó lòde nìyẹn ní àwọn ọdún 1880. Ojú Òṣogbo ló ní kí ẹ wo aṣọ náà. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wá láti Paris. Ẹni tó bá mú ojú àti ìdáhùn wá láti ilé ló ń sọ ọ́ di olorì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀bọ náà, òun ló sì burú jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kọ̀wé lórí àwòrán yìí sọ pé obìnrin yẹn kì í ṣe ìyàwó ilé ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé orúkọ abo ọ̀bọ ni àwọn ará ìgboro Paris máa ń fi bú obìnrin tó ń fi ara ṣòwò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó ń pẹja: lédè Faransé, pêcher ni kí èèyàn pẹja, pécher ni kí ó dẹ́ṣẹ̀. Àmì orí lẹ́tà kan ló yà wọ́n. Àwa tí a mọ ohun tó wà láàárín ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò lè sọ pé àwàdà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe. Àmọ́ Seurat kò kọ ọ́ síbì kan pé ohun tí òun ní lọ́kàn nìyẹn, gbogbo onímọ̀ kò sì fẹnu kò lé e. Pẹ́ńsùlù nìyẹn! Ohun tí ẹ fojú rí, bíírò. Ohun tí àkókò náà jẹ́rìí sí, bíírò. Ohun tí ẹnì kan rò, bó ti wù kó dùn tó, pẹ́ńsùlù. Bí ẹ bá ṣí ìwé yín tí ẹ rí i pé ohun tó wà ní pẹ́ńsùlù ti pọ̀ ju ti bíírò, ẹ padà sídìí páálí yín.

Ìkẹrin ni orúkọ àwòrán. Gbogbo èèyàn ló ń rí "Ọjọ́ Ìsinmi" tí wọ́n á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ti ìsìn dé, wọ́n ń sinmi." Ẹ dúró ná. Òfin tó ní kí wọ́n ti iṣẹ́ pa lọ́jọ́ Ìsinmi ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fagi lé e ní 1880. Èyí tó dá ìsinmi ọ̀sẹ̀ padà fún òṣìṣẹ́ kò dé títí di 1906. Àárín ọdún méjèèjì yìí gan-an ni Seurat ya àwòrán rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé òfin kò fún ọkùnrin tí apá rẹ̀ wà níhòòhò yẹn ní ọjọ́ kankan. Bó bá rí àyè nà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀gá rẹ̀ ló fún un tàbí òun ló jà á gbà. Ìgbà tí mo mọ èyí ni bí ó ṣe nà gbalaja yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan fún mi.

Ẹ má pè é ní fọ́tò

Èyí kò le tó èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ fò ó. Seurat kò kàn jókòó létí odò kó ya ohun tó ń lọ. Ó lọ síbẹ̀ léraléra, ó fi kéréyọ̀n dúdú àti ọ̀dà ya ìdánwò tó pọ̀ jọjọ, ó wá padà sínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ to èèyàn bí ẹni to ìjókòó síbi ìyàwó. Òun ló jẹ́ kí wọ́n dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ló ní kí wọ́n má wo ara wọn. Ẹ fi ìka tọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò. Ẹ ó rí i pé èrò pọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan tàkúrọ̀sọ. Ọmọbìnrin aláṣọ funfun yẹn nìkan ló dojú kọ wá gbọnrangandan. Nítorí náà, ẹ má kọ pé "báyìí ni àwọn ará Paris ṣe ń gbafẹ́." Ẹ kọ pé "báyìí ni Seurat ṣe tò wọ́n," kí ẹ wá béèrè ìdí.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ jókòó sí Freedom Park ní Old Garage lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ka èèyàn 40. Ẹ kọ ẹni tó ń jẹ gúgúrú, ẹni tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀, ọmọ tó ń sunkún búrẹ́dì. Ẹ ò ní rí èèyàn 40 tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láéláé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń lọ kí wọ́n tó dé ìgbésẹ̀ yìí, bí òjò bá sì rọ̀, a ó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀

Ẹ gbé ẹ̀dà yín sára fèrèsé, ẹ sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ tóótòòtó nítòsí á di koríko, á di yẹ̀rì. Seurat ti ka ìwé tí Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, gbé jáde nípa àwọ̀ ní 1839. Ọ̀gá ni Chevreul ní ẹ̀ka aláró ilé iṣẹ́ Gobelins ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ìfibògiri. Wọ́n wá fẹjọ́ sùn ún pé aró dúdú wọn kò dú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé aró kò ṣẹ̀. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń pa á. Ẹ sọ èyí fún ìyá aládìrẹ kankan ní Òṣogbo, yóò ní ṣé tuntun ni, torí ó mọ bí funfun ṣe ń tàn sí i bí ẹ̀lú bá yí i ká. Bí ẹ bá fẹ́ rí i láìlọ sí Chicago, ẹ wá iṣẹ́ Jimoh Buraimoh, ọmọ Òṣogbo tó fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ náà nítòsí, kí ẹ tún wò ó lókèèrè.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní níbí. Ẹ ó rí àmì kan lórí koríko tó ní àwọ̀ amọ̀, bí ìpẹtà. Mo ti ka àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ikú ni, tó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Yẹ́lò títàn ni Seurat fi síbẹ̀. Ọ̀dà kan tí wọ́n fi síńkì ṣe ló lò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láàárín ọdún díẹ̀, kódà kí Seurat tó kú ní 1891, lẹ́ni ọdún 31. Ẹ̀bi ọ̀dà ni. Ẹ má tú u.

Ẹ wá ẹnìkejì rẹ̀

Àwòrán kan kì í sọ gbogbo ẹjọ́. Seurat ya òmíràn tó fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí, ó parí rẹ̀ ní 1884, ó wà ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn tó ń wẹ̀ ní Asnières. Etí odò kejì nìyẹn. Òṣìṣẹ́ lọ́kùnrin àti ọmọdé ló wà níbẹ̀, wọ́n bọ́ṣọ, wọ́n ki ẹsẹ̀ bomi, èéfín ilé iṣẹ́ sì ń rú lẹ́yìn wọn. Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń kọjá lápá ọ̀tún, tó ta àsíá Faransé. Ọkùnrin onífìlà gogoro àti obìnrin alágboòrùn ló jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń tù wọ́n lọ sí apá erékùṣù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Àwọn tó wà ní Asnières ń wo ọ̀kánkán, ibẹ̀ sì ni àwọn alágboòrùn wà.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ojú ewé kan tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fi í ṣe lásìkò náà, ìgbà náà ni kí ẹ tó sọ èrò tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kó hàn pé tiyín ni. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un kà. Bí ẹ bá ti mọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí bàbà àti páànù tí Asiru Olatunde, alágbẹ̀dẹ Òṣogbo yẹn, fi òòlù ya igi, ẹranko àti èrò sí. Iṣẹ́ kan náà ni, páálí kan náà.

Ọmọ tó sọ ọ́ di olorì padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó ti kọ ojú ewé tirẹ̀: obìnrin kan gbé agboòrùn dání, ó wọ aṣọ tí ìdí rẹ̀ yọ, ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú sìgá lọ́wọ́, wọn kò wo ara wọn. Mo máàkì rẹ̀ fún un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó yẹ̀ mí wò, ó ní: "Àǹtí, ṣùgbọ́n ta ló ń mú ọ̀bọ lọ síbi ìgbafẹ́?" Mo ní kó lọ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́.